Ẹja Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí: Iná Mànàmáná Nínú Àkúéríọ̀mù Ilé

Àkúéríọ̀mù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun èlò kan ṣoṣo nínú ilé tí èèyàn máa ń ki ọwọ́ bọ omi rẹ̀ nígbà tí iná mànàmáná ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú omi ọ̀hún. Kò sẹ́ni tí í ki ọwọ́ bọ kẹ́tùlù iná tó ń hó. Ṣùgbọ́n nínú pálọ̀ tí tánkì ẹja bá wà ní Ọmọ́lé, yálà ní Phase 1 tàbí Phase 2, tàbí ní Ògbà àti Àgídíńgbí tó múlé gbè wọ́n, hítà wà nínú omi, pọ́ọ̀mpù fílítà wà nínú omi, gílóòbù wà lókè omi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì so mọ́ ẹsitẹ́ńṣọ̀n kan tó sùn sílẹ̀ lẹ́yìn tánkì. Ẹni tó ni ẹja á ki ọwọ́ wọ inú rẹ̀ dé ìgúnpá, á tún òkúta tò, á fa ewé tó ti rà tu, á mú ẹja tó kú jáde. Púlọ́ọ̀gì wà níbi tó wà.

Bí wọ́n bá béèrè pé ṣé ẹ̀rù ò bà á, ìdáhùn kan ló wọ́pọ̀: ẹja ṣáà ń lúwẹ̀ẹ́, bí iná bá wà nínú omi, òun ni ìbá kọ́kọ́ kú. Ìdáhùn kejì a máa tẹ̀ lé e: fíyúùsì wà nínú púlọ́ọ̀gì, bíréékà wà lára bọ́ọ̀dù, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ yóò já. Ẹ̀kẹta ni ti àwọn tó kọ́lé fúnra wọn: ilé yìí ní ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó wọ inú ilẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ di èrò tó gbilẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ká má fepo bọyọ̀, kò sí èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ ẹja ló yẹ kó ṣáájú, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ jù. Iná mànàmáná kì í ṣe ohun tó kàn fara kàn án ní nǹkan kan. Inú ohun tó bá ráyè gbà kọjá lọ síbòmíràn ló ti ń ṣọṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹyẹ fi ń bà lé wáyà òpó iná tí nǹkan kan kì í ṣe é: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà lórí wáyà kan náà, iná ò sì rí ibi tí yóò gba inú rẹ̀ jáde sí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ tánkì ẹja. Gíláàsì kì í gbé iná. Pákó gbígbẹ tàbí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ tánkì kì í gbé e. Bí gíláàsì hítà bá sán, tí láìfù, wáyà tó ń gbé iná wọlé, sì kan omi, gbogbo omi náà láti ìsàlẹ̀ dókè lè dé 230 fóòtì, kó sì dúró síbẹ̀. Iwájú ẹja jẹ́ 230, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 230. Níwọ̀n ìgbà tí kò sí ìyàtọ̀ láàárín iwájú àti ẹ̀yìn, iná ò ní gba inú ẹja náà kọjá. Yóò máa jẹun, yóò máa na ìrù.

Ti ẹni tó ni ẹja ò rí bẹ́ẹ̀. Ó dúró láìwọ bàtà lórí táíìsì tí omi ti ta sí nígbà tó ń gbọ́n tánkì. Abẹ́ táíìsì ni kọnkéré, abẹ́ kọnkéré ni ilẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá ti kan omi, iná ti rí ọ̀nà: ọwọ́, àyà, ẹsẹ̀, ilẹ̀. Bí ọwọ́ kejì bá wá di irin mú, bóyá férémù wíńdò tàbí ara fíríìjì, iná lè gba ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì, ọkàn sì wà láàárín ọwọ́ méjèèjì. Nítorí náà, ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò jẹ́rìí pé omi ò ní iná. Gbogbo ohun tó lè jẹ́rìí sí ni pé iná náà ò tíì rí ibi tí yóò gbà jáde.

Àwọn apẹja ilẹ̀ Yorùbá ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ lára òjìjí, ẹja tó ń fi iná inú ara rẹ̀ ṣọdẹ. Òjìjí tó dàgbà lè tú nǹkan bí 350 fóòtì jáde. Iná náà kì í pa òun fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣèèṣì dì í mú nínú àwọ̀n yóò pariwo, yóò sì jù ú nù. Ohun tó jẹ́ kó ráyè jù ú nù ni pé ìtújáde òjìjí kọ̀ọ̀kan kì í pẹ́ rárá, á ti parí kéèyàn tó ṣẹ́jú, ó sì máa ń rẹ ẹja náà. Iná ilé kì í rẹ̀ ní tirẹ̀. Ìgbà 50 ló ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìlọ-bọ̀ yẹn ló sì ń mú kí iṣan ọwọ́ ká jọ, tí ẹni tí iná gbé kò fi ní lè tú ọwọ́ sílẹ̀ bó ti wù kó fẹ́ ẹ tó.

Fíyúùsì ló kàn. Charles Dalziel, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley, dán iná wò lára àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fún un. Ó rí i pé bí iná tó ń gba ara kọjá bá ti tó nǹkan bí 16 mílíámpù, ọkùnrin tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n kò ní lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú mọ́. Ti obìnrin jẹ́ nǹkan bí 10.5. Bó bá ti ń lọ sí 50 tàbí 100 mílíámpù, tó sì pẹ́ díẹ̀ lára, ọkàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n dípò kó máa lù, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní dé ọpọlọ. Ohun tí ara èèyàn tó ti rin omi fi ń dí iná lọ́nà lè má ju nǹkan bí 1,000 óòmù lọ. Bí wọ́n bá fi 1,000 pín 230 fóòtì, 230 mílíámpù ló máa jáde. Fíyúùsì tó wà nínú púlọ́ọ̀gì onírin mẹ́ta wá ńkọ́? 13 áńpù ni nígbà púpọ̀, ìyẹn 13,000 mílíámpù. Iná tó ń pa olówó ẹja lọ́wọ́ kò tó ìdá kan nínú àádọ́ta ohun tí fíyúùsì náà ń gbé lójoojúmọ́ láìjá. Kódà bí iná bá ju 13 áńpù lọ díẹ̀, fíyúùsì náà lè fara dà á fún ìgbà pípẹ́ kó tó já. Bíréékà bọ́ọ̀dù tún le jù ú lọ, torí 20 tàbí 32 áńpù ni. Wáyà àti ilé ni wọ́n ṣe fíyúùsì àti bíréékà fún, kí wáyà má baà gbóná kó dáná sun ilé. Wọn ò fi ìgbà kankan ṣe wọ́n fún ọkàn èèyàn, ẹni tó sì gbára lé wọn nídìí tánkì ẹja ń bẹ ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì pé kó wá ṣọ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní iná NEPA ò lágbára tó láti pa èèyàn. (Orúkọ NEPA ò kúrò lẹ́nu ará Èkó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 2005 ni wọ́n ti yí i padà sí PHCN, tí Ikeja Electric sì gba iṣẹ́ pínpín iná ní agbègbè yìí ní 2013.) Òótọ́ ni pé iná máa ń rẹlẹ̀ lálẹ́ nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ jẹ́ kó rẹlẹ̀ dé 120 fóòtì, kí gílóòbù máa pọ́n bí ẹyin iná. Ìṣirò kan náà yóò fúnni ní 120 mílíámpù, èyí tó ṣì pọ̀ ju ohun tó ń dá ọkàn rú lọ. Sitabiláísà ò yí èyí padà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti gbé fóòtì tó rẹlẹ̀ sókè, kò sì ya iná ilé nípá kúrò lára ilẹ̀. Èèyàn tiẹ̀ lè sọ pé òun ló ń rí i dájú pé 230 pé ṣánṣán nínú omi.

Ẹ́ẹ̀tì ló le jù láti bá èèyàn jiyàn lé lórí, torí ó sún mọ́ òótọ́. Ilé tó ní ẹ́ẹ̀tì sàn ju èyí tí kò ní lọ. Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n rì sẹ́yìn ilé kò lè ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ pé ó ń ṣe. Ká ní ilẹ̀ ibi tí irin náà wà ń fi 20 óòmù dí iná lọ́nà. Bí láìfù bá kan ara ohun èlò tó so mọ́ ẹ́ẹ̀tì, 230 tí wọ́n fi 20 pín yóò jẹ́ 11.5 áńpù. Fíyúùsì 13 áńpù kò ní já, bíréékà 32 áńpù kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Iná yóò máa ṣàn wọlẹ̀, mítà yóò máa kà á, ohun èlò náà yóò sì wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú iná lára. Lásìkò ọyẹ́ tí ilẹ̀ bá gbẹ, óòmù náà á tún pọ̀ sí i.

Kí ẹ́ẹ̀tì tilẹ̀ tó ṣe díẹ̀ tó lè ṣe, ó ní láti dé ara ohun èlò. Ẹni tó bá yọjú sẹ́yìn tánkì yóò rí i bí wọ́n ṣe ń dínà mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ hítà àti pọ́ọ̀mpù tí wọ́n ń kó wọlé láti Ṣáínà jẹ́ onírin méjì, sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà sì jẹ́ oníhò mẹ́ta tí ike kékeré dí ihò méjì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Irin gígùn ti ẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ṣe láti ṣí ike náà. Níwọ̀n bí irin yẹn ò ti sí, wọ́n á mú ìdérí bírò, wọ́n á tì í bọ ihò òkè, ike á yẹ̀, wọ́n á ti irin méjì náà wọlé. Ihò òkè yẹn gan-an ni ti ẹ́ẹ̀tì. Irin méjì tún ní àbùkù mìíràn: bó ṣe wù kí wọ́n yí i padà, yóò wọlé. Bí wọ́n bá kì í bọ̀ ní òdì, ohun tó ń pa hítà lára rẹ̀ nígbà tí omi bá móoru tó lè bọ́ sórí niútírà, wáyà tí iná ń gbà padà, dípò láìfù. Iná pupa hítà á kú, olówó rẹ̀ á rò pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́, láìfù á sì ṣì wà nínú gíláàsì náà. Títẹ bọ́tìnnì ẹsitẹ́ńṣọ̀n kò tó fún ìdí kan náà. Kíki ọwọ́ bọ omi láìkọ́kọ́ yọ gbogbo púlọ́ọ̀gì tánkì ò ní àwíjàre kankan.

Ohun tí wọ́n ṣe fún èèyàn ni RCD, tí àwọn oníṣẹ́ iná ìlú Èkó kan ṣì ń pè ní earth leakage. Dalziel yìí kan náà ló ṣe irú rẹ̀ kan fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní 1961. Kì í ka iye iná tó ń lọ. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fi èyí tó gba láìfù jáde wé èyí tó gba niútírà padà. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, á jẹ́ pé apá kan ti gba ibòmíràn lọ, bóyá ara èèyàn, yóò sì gé iná. Èyí tó wà fún ààbò èèyàn kò gbọdọ̀ ju 30 mílíámpù lọ. Bí iná tó ń jò bá dé 150, ó gbọ́dọ̀ gé e láàárín ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná yóò ta ẹni náà gìrì, yóò fa ọwọ́ yọ pẹ̀lú ariwo, á sì wà láàyè. Ẹni tó bá ń rà á gbọ́dọ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀: 0.03A ni ti èèyàn. Èyí tí wọ́n kọ 0.1A tàbí 0.3A sí wà láti dènà iná tó ń jólé, ó sì pọ̀ ju ohun tí ọkàn lè gbà lọ. Bọ́tìnnì T tó wà lójú rẹ̀ wà fún títẹ̀ lóòrèkóòrè. Èyí tí kò bá já nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ti di ọ̀ṣọ́.

RCD ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹni tó bá di láìfù mú lọ́wọ́ kan àti niútírà lọ́wọ́ kejì, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kan ilẹ̀, ohun èlò lásán ni RCD yóò kà á sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti irin títaníọ̀mù tí àwọn olólùfẹ́ ẹja máa ń jù sínú omi kí iná lè gba ibẹ̀ wọlẹ̀. Pẹ̀lú RCD, irin náà wúlò, torí RCD yóò já lọ́jọ́ tí hítà bá sán gan-an, kò ní dúró de ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Láìsí RCD, ó léwu: yóò sọ omi tí iná ti dúró jẹ́ẹ́ sínú rẹ̀ di odò iná, ìgbà náà ni ẹja gan-an yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà.

Ìdí tí RCD fi ṣọ̀wọ́n ní àdúgbò kì í ṣe owó nìkan. Ó máa ń já. Nínú ilé tí wọ́n ti pín niútírà yàrá méjì pọ̀, tàbí tí fíríìjì àtijọ́ ti ń jò díẹ̀díẹ̀, RCD ò ní dúró, onílé á ní ó ń da òun láàmú, oníṣẹ́ iná á sì fi wáyà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àlàáfíà lè jọba. Àrùn ni RCD náà ń sọ, dókítà ni wọ́n lé lọ. Bí wọn ò bá lè tún gbogbo wáyà ilé ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, kò sóhun tó ní kí wọ́n má fi RCD kan ṣoṣo sídìí sọ́kẹ́ẹ̀tì tánkì, kí ti fíríìjì wà lọ́tọ̀.

Ínfátà àti jẹnẹrétọ̀ tún mú ọ̀rọ̀ náà díjú. RCD tó bá wà níwájú ínfátà, níbi tí iná NEPA ti ń wọlé, kò rí nǹkan kan nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ínfátà nígbà tí bátìrì bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yìn ínfátà àti ẹ̀yìn ṣéńjófà ló yẹ kó wà, nítòsí tánkì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń fi okùn fà, tí aráàlú ń pè ní I better pass my neighbour, kì í sábà ní niútírà tó so mọ́ ilẹ̀, RCD ò sì lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe yẹ àfi bí oníṣẹ́ iná tó mọṣẹ́ bá tò ó.

Lílọ-bíbọ̀ iná ní ewu tirẹ̀, ó sì jẹ́ ewu tí ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ará Jámánì kò fi bẹ́ẹ̀ tẹnu mọ́. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi máa ń jókòó sórí sẹ́ẹ̀fù nísàlẹ̀ tánkì. Bí iná bá lọ, atẹ́gùn dúró, omi á sì gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ náà padà, á máa ṣàn bọ̀ nísàlẹ̀ títí yóò fi wọ inú ẹ̀rọ tàbí kán sórí ẹsitẹ́ńṣọ̀n. Nígbà tí iná bá dé, inú omi ló bá ẹ̀rọ. Kódà àwọn òpópónà Band A, tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná, ní kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lóòjọ́, ṣì lè wà nínú òkùnkùn fún wákàtí mẹ́rin. Fáàfù kékeré kan wà tí wọ́n ń fi sáàárín rọ́bà náà kí omi má lè padà. Bí kò bá sí, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà ga ju ojú omi lọ. Ẹsitẹ́ńṣọ̀n kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀. Ara ògiri ni kí wọ́n kàn án mọ́, kí wáyà kọ̀ọ̀kan sì kọ́kọ́ rọ̀ sísàlẹ̀ kó tó yípo gòkè wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Hítà ńkọ́? Ìdá tó pọ̀ nínú àríyànjiyàn yìí ìbá ti parí bí wọ́n bá yọ ọ́. Ẹja ilẹ̀ olóoru ń fẹ́ omi tó wà láàárín 24 sí 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, omi tó dúró nínú pálọ̀ ní Èkó sì máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ oṣù. Goldfish tiẹ̀ fẹ́ omi tútù. Hítà wà nínú ọ̀pọ̀ tánkì torí pé ó bá páálí dé láti orílẹ̀-èdè tí yìnyín ti ń bọ́. Yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru lè nílò rẹ̀. Pálọ̀ tó ṣí fèrèsé sílẹ̀ kò nílò rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá fi sílẹ̀, kí wọ́n má gbọ́n omi kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná, torí gíláàsì tó gbóná nínú afẹ́fẹ́ máa ń sán bí omi tútù bá tún dà lé e.

Àtakò kan wà tó yẹ kó gba èsì. Àwọn tó ń sin ẹja olówó iyebíye ní bí RCD bá já nígbà tí kò sẹ́ni nílé, fílítà á dúró, ẹja á kú. Bó bá jẹ́ London ni, ọ̀rọ̀ náà ìbá wúwo. Ní Ọmọ́lé, ẹja tí kò lè fara da wákàtí mélòó kan láìsí iná ti kú tipẹ́. Olówó rẹ̀ ti ra ẹ̀rọ atẹ́gùn oníbátìrì tó ń tan fúnra rẹ̀ bí iná bá lọ, ẹ̀rọ kan náà yóò sì gbà á sílẹ̀ lọ́jọ́ tí RCD bá já. Pọ́ọ̀mpù oní-12 fóòtì náà wà, èyí tí ṣájà rẹ̀ jókòó síta jìnnà sí omi, tí kò sí láìfù kankan nínú tánkì rárá, bí ṣájà náà bá jẹ́ ojúlówó.

Ní Amẹ́ríkà, òfin wáyà ti béèrè irú RCD yìí fún sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìwẹ̀ láti 1975. Ní Britain, ìlànà 2008 mú un wá sídìí àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì tí aráàlú ń lò nínú iṣẹ́ wáyà tuntun, Yorùbá tó ń sin ẹja ní Peckham ní London sì lè ní in láìmọ̀ pé òun ní in. Ní Nàìjíríà, NEMSA, tí òfin 2015 gbé kalẹ̀, ló ń yẹ iṣẹ́ iná wò tó sì ń fọwọ́ sí i. Àyẹ̀wò náà dára, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀dù àti wáyà ògiri ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí yóò wá wo ìdérí bírò lẹ́yìn tánkì.

Ẹni tó bá bá èèyàn níbi tí iná ti gbé e nídìí tánkì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án kí iná tó kúrò. Bọ́ọ̀dù ni kó sáré sí, kó pa gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà kó pe 112 tàbí 767, kó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àyà rẹ̀ bí kò bá mí.

Ayálégbé tí lánlọ́ọ̀dù rẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù kò ní àwáwí. Oríṣi RCD kan wà tó dà bí púlọ́ọ̀gì, tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó ki ẹsitẹ́ńṣọ̀n bọ òun náà. Kò nílò ìyọ̀ǹda onílé, kò nílò kí wọ́n wú ògiri, ọjọ́ tí ayálégbé bá sì ń kó jáde, yóò yọ ọ́, yóò kó o mọ́ ẹrù rẹ̀.